Wọ́n ya CT orí ọmọ mi lẹ́ẹ̀mejì: báwo ni ewu jẹjẹrẹ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 5, já bọ́ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó bì lẹ́ẹ̀mẹta, oorun sì ń kùn ún ṣáá. Wọ́n ní ká lọ ya CT orí rẹ̀, a yà á. Nígbà tí a gbé èsì dé ọ̀dọ̀ dókítà tí wọ́n júwe fún wa ní Yaba, ó ní fíìmù lásán lòun rí, CD lòun fẹ́, ká lọ ya òmíràn. A tún yà á, ọjọ́ kẹrin sí àkọ́kọ́. Mo dúpẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jẹ́ kí wọ́n fi iná jó ọmọ àwọn, pé jẹjẹrẹ ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹnì kan ní kò ju kéèyàn wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ, ẹlòmíràn ní ọmọdé ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. Nọ́ńbà ni mo fẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Kí ni ewu tó wà lórí ọmọ mi?

* * *

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìpayà. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ya fọ́tò inú ara fáwọn èèyàn. Mushin ni mo ti bẹ̀rẹ̀, Surulere ni mo wà báyìí. Ẹ ní nọ́ńbà lẹ fẹ́, n ó fún yín ní nọ́ńbà.

X-ray tó ń yí ara ká láti ya inú rẹ̀ ni CT. CT orí kan fún ọmọdé sábà máa ń tó nǹkan bíi 2 milisievert. mSv la máa ń kọ ọ́. Òun ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ohun tí ìtànṣán lè ṣe fún ara. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe tó: ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, ògiri ilé wa, afẹ́fẹ́ tí à ń mí, oúnjẹ tí à ń jẹ, àtèyí tó ń ti ojú sánmà bọ̀, gbogbo wọn pa pọ̀ ń fún èèyàn ní nǹkan bíi 2.4 mSv lọ́dún, tí a bá pín in káàkiri ayé. X-ray àyà kan, irú èyí tí wọ́n ń ní ká yà fún físà, jẹ́ bíi 0.02. CT ikùn àgbàlagbà lè tó 8 tàbí 10.

Ó wá ku ti jẹjẹrẹ. Ní orílẹ̀-èdè 9 ní Yúróòpù, wọ́n tọ ipasẹ̀ àwọn tó ya CT nígbà tí wọn ò tíì pé ọdún 22, èèyàn tó lé ní 600,000, wọ́n sì gbé èsì ti ọpọlọ jáde ní 2023. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọmọ 10,000 bá ya CT orí ẹ̀ẹ̀kan, nǹkan bí ọmọ 1 nínú wọn ni jẹjẹrẹ ọpọlọ máa mú nítorí rẹ̀, láàárín ọdún 5 sí ọdún 15 lẹ́yìn ìgbà náà. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀, ọmọ 1 sí 2 nínú 10,000 láàárín ọdún 12, fún CT tí ìwọ̀n rẹ̀ dé inú mùdùnmúdùn eegun tó 8 mGy (milligray, òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ẹran ara).

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka nọ́ńbà yìí bí ẹni ka èsì àyẹ̀wò. Agbo ọmọ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Ó lè sọ fún wa pé ẹyọ kan máa wà nínú 10,000, kò lè nàka sí ọmọ kankan. Bí jẹjẹrẹ bá tilẹ̀ mú ẹnì kan lọ́jọ́ iwájú, kò sí dókítà tó lè wo jẹjẹrẹ náà kó sọ pé CT ló fà á, nítorí kì í ní àmì lára.

CT àkọ́kọ́ tọ́. Ọmọ tó já bọ́, tó bì lẹ́ẹ̀mẹta, tí oorun ń kùn, ọmọ tèmi ni ì bá jẹ́, n ò ní dúró ro ohunkóhun kí n tó gbé e lọ. Ti kejì ni mo ní ọ̀rọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi ṣe nǹkan kan: ẹ padà lọ gba CD níbi méjèèjì. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ojú ìwé kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ DLP sí, ìyẹn àpapọ̀ ìtànṣán tí ẹ̀rọ fi ya ọmọ, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ẹ gbé nọ́ńbà méjèèjì wá síbí.

* * *

Kí ìyá ọmọ tó dé, ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó ń kọ ìwòsàn ránṣẹ́ lóhùn. Mo ti ka mílíìkì, mo ti ka epo pupa, mo ti ka omi àgbọn, ẹnì kan tilẹ̀ ti júwe àgbo tó máa “fọ ìtànṣán kúrò nínú ẹ̀jẹ̀”. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mílíìkì ti wá. Àwọn wẹ́dà àtàwọn tó ń ṣe bátìrì ní Ládípọ̀ máa ń mu ún nítorí èéfín, a sì wá gbé e dé ọ̀dọ̀ X-ray.

Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fọ̀. Ìtànṣán X-ray kì í dúró nínú ara. Tí ẹ bá pa gílóòbù, ṣé ìmọ́lẹ̀ ń ṣẹ́ kù sára ògiri? Ó kọjá nìyẹn. Bí ó bá ṣe nǹkan kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ó ti ṣe é kí wọ́n tó gbé ọmọ kúrò lórí tábìlì, mílíìkì ò sì lè bá a níbẹ̀. Ẹ má fún ọmọ ọdún 5 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí gbálẹ̀ ní àgbo tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Àpápá, tó ń fi ìtànṣán yẹ ojú ibi tí wẹ́dà ti jó páìpù pọ̀ wò, kọ ọ́ pé kékeré ò lè ṣe èèyàn ní nǹkan, ara ń tún ara rẹ̀ ṣe, àsọdùn sì ni 1 nínú 10,000 tí mo kọ. Ẹnì kan láti Agége dá wọn lóhùn pé ẹyọ ìtànṣán kan ṣoṣo tó láti dá jẹjẹrẹ sílẹ̀. Wọ́n ti ń fà á láti àná. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣì ń fà á, torí náà ẹ má bú ara yín mọ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ìtànṣán yìí lágbára débi pé ó lè já ẹlẹ́kítíróònù kúrò lára átọ́ọ̀mù, ó sì lè gé DNA tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ara a máa so ó padà, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ara a so ó gba ibi tí kò yẹ, sẹ́ẹ̀lì náà ò sì ní kú. Ibẹ̀ ni wàhálà jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń lò, Jàpáànù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Lẹ́yìn bọ́ǹbù Hiroshima àti Nagasaki ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, wọ́n kó orúkọ nǹkan bí èèyàn 120,000 jọ, àwọn tó wà nítòsí, àwọn tó wà lókèèrè, àtàwọn tí kò sí nílùú lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti ń tọ ipasẹ̀ wọn láti 1950. Wọ́n ṣírò iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan: ibo ló dúró sí, inú ilé ni tàbí ìta. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ yọjú, láàárín ọdún mélòó kan. Ti ẹ̀dọ̀fóró, ọmú, ikùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 10 kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìwọ̀n ṣe ń ga ni jẹjẹrẹ ń pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ bí okùn tí bíríkìlà fi ń to bulọ́ọ̀kù.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí ìwọ̀n ti kéré sí 100 mSv, ojú ò sì ríran kedere níbẹ̀ mọ́. Ìdí ni pé jẹjẹrẹ ti wà láyé tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ ní 2006 pé bí èèyàn 100 níbẹ̀ bá gba 100 mSv ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹnì 1 ni jẹjẹrẹ máa mú nítorí rẹ̀, àmọ́ 42 nínú 100 yẹn kan náà ni jẹjẹrẹ máa mú láti ibòmíràn. Ẹ wá ẹnì 1 yẹn láàárín 42. Ó dà bí ìgbà tí ẹ ń fetí wá ohùn ọmọ yín nìkan ní ọjà Balógun, lọ́jọ́ tí Kérésì ku ọ̀la. Ọmọ ń pè yín lóòótọ́, ariwo ló bò ó. Bí èèyàn 500 bá tó láti fi rí ewu 1,000 mSv, 50,000 lẹ máa nílò fún 100, ó sì di mílíọ̀nù 5 fún 10.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n mú ìlà tí wọ́n rí lókè, wọ́n fà á wálẹ̀ tààrà títí dé òdo. Ibẹ̀ ni ICRP, àjọ àgbáyé tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ààbò ìtànṣán, ti gba nǹkan bíi 5 nínú 100 fún gbogbo 1,000 mSv. Wọ́n tilẹ̀ ti dín in kù sí ìdajì kí wọ́n tó kọ ọ́, nítorí wọ́n gbà pé èyí tó wọlé díẹ̀díẹ̀ ò le tó èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí èmi dúró sí nìyí. Ẹ̀gbọ́n Àpápá, ohùn tí ẹ ò gbọ́ lọ́jà ò túmọ̀ sí pé ọmọ ò pè. Àwọn 600,000 ọmọ Yúróòpù yẹn ni wọ́n kó jọ kí ariwo lè lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ohùn náà. Ẹni tó wá láti Agége, ohun tó “lè” ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó “máa” ṣẹlẹ̀. Potassium tó wà nínú ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a jẹ ń ju ìtànṣán nínú ara wa, ó lé ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, lójoojúmọ́ ayé wa. Tí ẹyọ kan bá tó lóòótọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yẹn, èèyàn kankan kì bá tí ṣẹ́ kù sí Èkó.

* * *

Kíákíá lórí àwọn ìbéèrè kéékèèké. MRI ò ní irú ìtànṣán yìí. Scan aboyún ò ní i, ìró ni wọ́n fi ń yà á. Òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé yín ní Ìyànà Ìpájà ò ní agbára àtijá ẹlẹ́kítíróònù kankan. Tí ariwo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá ń dí yín lọ́wọ́ oorun, ẹ bá wọn jà lórí ìyẹn.

Àǹtí tó lóyún oṣù mẹ́ta tí wọ́n ní kó ya X-ray àyà fún físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó bọ́ aṣọ. Àyà ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ, èyí tó ń dé ibi tí ọmọ wà kéré gan-an. Síbẹ̀ kò sídìí tí ẹ ò fi ní sọ. Láàárín 1950 sí 1960 ni dókítà Alice Stewart ní Oxford fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n ya X-ray ikùn ìyá wọn nígbà tí wọ́n wà nínú oyún ń kú ikú jẹjẹrẹ ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ta kò ó kí wọ́n tó gbà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n fi X-ray yẹn ń wá, aboyún sì lè ní kí wọ́n fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yẹ òun wò dípò rẹ̀. Ó máa pẹ́ sí i ni, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n ya CT fún ẹnikẹ́ni nílé òun mọ́ lẹ́yìn tó ka gbogbo èyí, ìwọ ni mo jókòó kọ eléyìí sí.

Àbúrò ìyá mi ṣubú lórí ọ̀kadà ní Òṣòdì. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn aṣọ, ó lọ sílé. Lálẹ́ orí ń fọ́ ọ. Ní ọsibítù wọ́n ní kó ya CT, ó kọ̀, ó ní òun ti gbọ́ pé ó ń jó ọpọlọ. Kò sọ fún mi. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, ó fi pamọ́ fún mi nítorí ó mọ̀ pé màá fà á lọ síbẹ̀. Ọjọ́ kẹta, wọn ò lè jí i mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ti kó jọ sínú orí rẹ̀. Ẹni ọdún 52 ni.

Nínú àwọn tó wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, ewu CT kan, ká tilẹ̀ fi ìlà títọ́ ṣírò rẹ̀, ò tó 1 nínú 5,000, fún àrùn tó máa gba ọdún 10 tàbí 20 kó tó dé. Ewu tó wà nínú orí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò dúró de ọ̀sẹ̀ kan. Mo ṣì máa ń ronú pé ká ní mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà ni.

* * *

Ẹ̀gbọ́n Àpápá tún ti padà wá, wọ́n sì sọ ohun tí mo rò pé ó wà lọ́kàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: ọdún 14 ni wọ́n ti ń gbé iridium kiri, irin tó ń tú ìtànṣán tí wọ́n fi ń yẹ páìpù wò, báàjì tó ń ka ìtànṣán lára wọn ti kọ 60 mSv lápapọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kan sì máa ń fi báàjì sílẹ̀ sínú mọ́tò kí nọ́ńbà má bàa ga, kí ọ̀gá má bàa dá wọn dúró lẹ́nu ovataìmù.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Fún àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi bíi 4 nínú 100 ṣírò fún 1,000 mSv. 60 yín wá di nǹkan bí 2 sí 3 nínú 1,000. Kì í ṣe òdo, kì í sì í ṣe ìdájọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi “díẹ̀díẹ̀ ló wọlé” tu ara yín nínú jù. Wọ́n wo òṣìṣẹ́ tó lé ní 300,000 ní Faransé, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2023 sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ń pọ̀ sí i pẹ̀lú ìwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló wọlé, kò sì jọ pé ó rọ̀ ju ti Jàpáànù lọ. Ìdajì tí ICRP yọ yẹn lè jẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́.

Báàjì tó wà nínú mọ́tò, ara mọ́tò ló ń wọ̀n. Òfin ní 20 mSv lọ́dún fún òṣìṣẹ́, tí a bá pín ọdún 5 dọ́gba, ọdún kan ṣoṣo ò sì gbọdọ̀ kọjá 50. NNRA, àjọ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ló ń mójú tó o ní Nàìjíríà láti 2001. Báàjì tó ń purọ́ ò ní jẹ́rìí gbè yín lọ́jọ́ tí ara bá kọ̀. Ẹ sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ yín pé kí wọ́n lo ẹsẹ̀ wọn: ẹni tó kúrò ní mítà 1 sí mítà 2 ti dín in kù sí ìdá mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ò gba owó.

* * *

Ìyá ọmọ ti dé, wọ́n gbé CD méjèèjì wá. DLP àkọ́kọ́, 480. DLP kejì, 1,050.

Ẹ fara balẹ̀ ká jọ ṣírò rẹ̀. Fún orí ọmọ ọdún 5, a máa ń fi 0.004 sọ DLP di mSv. Àkọ́kọ́: 480 lọ́nà 0.004, ó jẹ́ 1.9. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn, ẹni tó yà á mọ iṣẹ́. Èkejì jẹ́ 4.2. Wọ́n fi ìwọ̀n orí àgbàlagbà ya ọmọ ọdún 5 ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo ti rí i. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọdún kẹta ni mo tó mọ̀ pé bọ́tìnnì àgbàlagbà la fi ń ya gbogbo ọmọdé, ẹni tó wá to ẹ̀rọ náà ti lọ, kò sì sẹ́ni tó wò ó. A tún un ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ kan péré. Àwọn ọmọ tó ti kọjá ṣáájú ọ̀sán yẹn ṣì ń wá sọ́kàn mi.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6.1 mSv. Pẹ̀lú 5 nínú 100 fún 1,000, ó jẹ́ nǹkan bí 3 nínú 10,000. Ọmọdé máa ń gbà á ju àgbà lọ, torí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣì ń pín kíkankíkan, ó sì ní ọdún púpọ̀ níwájú tí jẹjẹrẹ lè fi yọjú, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2 tàbí 3: 6 sí 9 nínú 10,000, fún gbogbo ayé rẹ̀. Nínú irú rẹ̀ 10,000, ó lé ní 9,990 tí CT méjì yìí ò ní ṣe ní nǹkan kan títí wọ́n á fi darúgbó. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ béèrè nìyẹn. Ẹ kà á sókè fún ìyá ọkọ yín, ẹ sì bá wọn ka ti àkọ́kọ́ tó tọ́, kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò jó ọmọ wọn.

Ìbínú yín lórí èkejì, èmi náà ń bínú. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó wọ ara ọmọ yìí, CD tí wọn ò fún yín ló fà á. Ẹ padà lọ bá wọn pẹ̀lú 1,050 yẹn lọ́wọ́, ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ẹ ní kó fi ìwọ̀n ọmọdé wọn hàn yín. Ẹ má lọ jà. Ọmọ ẹlòmíràn ló máa dùbúlẹ̀ sórí tábìlì yẹn lọ́la.

Kò sí àyẹ̀wò tó yẹ kẹ́ ẹ máa gbé e kiri ṣe nítorí èyí, ẹ má ṣe ya òmíràn láti fi wò ó bóyá ti tẹ́lẹ̀ ṣe nǹkan. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn: ọjọ́, CT orí, 480; ọjọ́, CT orí, 1,050. Kí ẹnikẹ́ni tó bá tún ní ká ya nǹkan fún un kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn káàdì yẹn.